Bẹ́ ẹ ṣe máa sọ fídíò 4:3 àtijọ́ di 16:9 láì ba ojú ẹnikẹ́ni jẹ́

Ẹ lọ wo àwọn fídíò ìgbéyàwó àti ìsìnkú àtijọ́ táwọn èèyàn ń gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, nǹkan kan náà lẹ máa rí lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n á ju fáìlì náà sínú áàpù, wọ́n á fà á sọ́tùn-ún, wọ́n á fà á sósì títí àlàfo dúdú ẹ̀gbẹ́ á fi tán, ó parí nìyẹn. Ìyàwó tó tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà á wá sanra, ojú bàbá tó ti kú á fẹ̀ kọjá bó ṣe rí láyé, táyà mọ́tò tó gbé ọkọ wá ò ní rí roboto mọ́. Àwọn míì ò fà á ní tiwọn, ńṣe ni wọ́n sún un tóbi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo látìbẹ̀rẹ̀ dópin, gèlè gbogbo ìyá tó wà níbẹ̀ bá gé dànù, àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ dọ̀bálẹ̀ ẹ ò sì rí ẹni tó dọ̀bálẹ̀, orí àga nìkan lẹ̀ ń wò.

Ẹ jẹ́ kí ìṣirò yìí yé yín kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. 4:3 ni pé tí fídíò bá fẹ̀ tó 4, ó ga tó 3; 16:9 ni pé tó bá fẹ̀ tó 16, ó ga tó 9. Sikirini Full HD tòní jẹ́ 1920 ní fífẹ̀, 1080 ní gíga, ìyẹn iye àmì tóótòòtó (pixel) tó para pọ̀ di àwòrán. Tẹ́ ẹ bá gbé fídíò 4:3 sí i tó sì ga dé òkè dé ìsàlẹ̀, 1440 ló máa fẹ̀ mọ, ó ku 480, ìyẹn 240 dúdú lọ́tùn-ún àti 240 dúdú lósì. Tẹ́ ẹ bá ní dandan kó kún, ó máa di 1920 sí 1440, 360 á wá yọ lókè àti nísàlẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo àwòrán nìyẹn, ẹ sì máa gé e dànù. Kò sí áàpù kankan tó lè gbà yín lọ́wọ́ ìyẹn. Ohun tó wà lọ́wọ́ yín ni ibi tẹ́ ẹ máa ti gé e, àti ìran tẹ́ ẹ máa gé àti èyí tẹ́ ẹ máa fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìran sí ìran lẹ máa pinnu ẹ̀, gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ níbí dá lórí ìyẹn.

Ohun tẹ́ ẹ máa nílò

- Fáìlì tó mọ́ jù tẹ́ ẹ lè rí. Tó bá jẹ́ DVD, ẹ da gbogbo fólídà VIDEO_TS sórí kọ̀ǹpútà. Tó bá jẹ́ VCD, inú fólídà MPEGAV ló máa ń wà, orúkọ ẹ̀ sì máa ń jẹ́ AVSEQ01.DAT. Tó bá ṣì wà lórí kásẹ́ẹ̀tì VHS, ẹ sọ fún ẹni tó máa gbé e sórí kọ̀ǹpútà pé 720 sí 576 lẹ fẹ́, kó má fẹ̀ ẹ́, kó má fi nǹkan kan sí i. Ẹ má gba èyí tí wọ́n fi WhatsApp ránṣẹ́ bíi fídíò, ó ti run kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.
- FFmpeg tẹ́ ẹ máa kọ àṣẹ fún, Shotcut tẹ́ ẹ máa fi gé fídíò, àti VLC tẹ́ ẹ máa fi wò ó. Ọ̀fẹ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.
- Àyè lórí kọ̀ǹpútà, ó kéré tán ìlọ́po mẹ́wàá bí fáìlì yín ṣe tóbi tó.
- Ìwé àti bíírò. Mo mọ ohun tí mò ń sọ, ẹ máa nílò ẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kẹta.
- Iná tí kò ní lọ lójijì. Iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà máa fi wákàtí mẹ́rin ṣe, tí wọ́n bá mú iná lọ ní wákàtí kẹta, ìbẹ̀rẹ̀ lẹ máa padà sí.

1. Ẹ mọ irú fídíò tó wà lọ́wọ́ yín

Ẹ ṣí fáìlì náà nínú VLC, kẹ́ ẹ tẹ Ctrl pẹ̀lú J, á kọ ìwọ̀n àwòrán fún yín. DVD àti kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà á kà 720x576, VCD á kà 352x288. Tó bá jẹ́ 720x480 lẹ rí, kámẹ́rà tí wọ́n rà ní Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ya á, tàbí àwọn ẹbí tó wà lọ́hùn-ún ló fi ránṣẹ́, ìwọ̀n tiẹ̀ yàtọ̀, mo máa sọ ọ́ tá a bá débẹ̀.

Ẹ wá wo àwòrán fúnra ẹ̀, torí nọ́ńbà kan náà lè gbé oríṣi mẹ́ta.

Èkíní ni 4:3 gidi: ojú èèyàn rí bó ṣe yẹ, àwòrán kún látòkè délẹ̀. Òun ló pọ̀ jù, òun náà la sì máa fi ṣiṣẹ́.

Èkejì ni èyí tí gbogbo èèyàn inú ẹ̀ ga tí wọ́n sì rí tínínrín, bíi pé ẹnì kan fún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. 16:9 gan-an ni wọ́n fi ya ìyẹn, àmì tó yẹ kó sọ fún kọ̀ǹpútà ni wọ́n kọ òdì. Ẹ tẹ lẹ́tà A nínú VLC títí á fi kọ 16:9 lójú sikirini, tí ara wọn bá bọ̀ sípò, kò sí gígé kankan tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe, ẹ ṣáà fi 1920:1080 rọ́pò 1440:1080 nínú àṣẹ tó wà ní ìgbésẹ̀ kejì, iṣẹ́ yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nìyẹn.

Ẹ̀kẹta ni èyí tó ní àlàfo dúdú lókè àti nísàlẹ̀ nínú fáìlì fúnra ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbé ìyẹn sórí tẹlifíṣọ̀n tòní, dúdú á yí i ká nígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwòrán á wá kéré láàárín bíi sítáǹpù lára lẹ́tà. Ẹ fi crop=704:432:8:72 rọ́pò ibi tí mo kọ crop sí nínú àṣẹ ìgbésẹ̀ kejì yẹn, kí scale sì jẹ́ 1920:1080, torí ìlà 432 àárín nìkan ló ní àwòrán nínú 576.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́: wọ́n á rí èèyàn tínínrín, wọ́n á rò pé 4:3 ni, wọ́n á wá gé orí gbogbo èèyàn kúrò lára fídíò tí kò nílò gígé rárá. Àánú irú ẹ̀ máa ń ṣe mí.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ wá nǹkan roboto nínú fídíò náà, ojú aago ara ògiri, àwo oúnjẹ tí wọ́n ya látòkè, táyà mọ́tò tó dojú kọ kámẹ́rà. Ẹ dá fídíò dúró níbẹ̀, kẹ́ ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n lójú sikirini, níbùú àti lóòró. Tí méjèèjì bá dọ́gba, ìwọ̀n yín pé. Ẹ kọ àkókò ibẹ̀ sílẹ̀, torí ibi kan náà lẹ máa fi yẹ iṣẹ́ wò títí dópin.

2. Ẹ yọ ìlà ìjà kúrò, kẹ́ ẹ tó mú un tóbi

Fídíò ìgbà yẹn kì í gbé odidi àwòrán wá lẹ́ẹ̀kan. Ìdajì ìlà ló máa kọ́kọ́ gbé wá, ìdajì kejì á tẹ̀ lé e, ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Lórí tẹlifíṣọ̀n onídìí ńlá ìgbà yẹn, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà, tẹ́nì kan bá ti ń jó, ẹ máa rí ìlà wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ létí apá ẹ̀ àti létí agbádá ẹ̀, òun ni mo pè ní ìlà ìjà. Tẹ́ ẹ bá mú àwòrán tóbi nígbà tí ìlà yẹn ṣì wà nínú ẹ̀, ìlà náà á tóbi pẹ̀lú ẹ̀, á wọnú àwòrán, ẹ ò sì ní lè yọ ọ́ mọ́ láéláé. Torí náà yíyọ ìlà ló ṣáájú, mímú tóbi ló kẹ́yìn.

Àṣẹ tẹ́ ẹ máa kọ sínú Command Prompt tàbí Terminal kọ̀ǹpútà yín nìyí, ìlà kan ṣoṣo ni, ẹ kàn yí orúkọ fáìlì padà:

ffmpeg -i igbeyawo.vob -vf "bwdif=mode=send_field,crop=704:576:8:0,scale=1440:1080:flags=lanczos:in_color_matrix=bt601:out_color_matrix=bt709,setsar=1" -colorspace bt709 -color_primaries bt709 -color_trc bt709 -c:v libx264 -crf 16 -preset slow -c:a aac -b:a 192k igbeyawo_1440.mp4

Ohun tó ń ṣe rèé. bwdif ló ń yọ ìlà, send_field ló ń jẹ́ kí gbogbo ìgbà 50 yẹn ṣẹ́ kù, kí ijó lè máa lọ geere bó ṣe lọ lórí tẹlifíṣọ̀n ìgbà yẹn, torí tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di 25, àwọn oníjó á máa ta gìrìgìrì. crop ń gé 8 kúrò lọ́tùn-ún àti 8 kúrò lósì, ibi tí etí dúdú máa ń wà, ohun tó sì kù jẹ́ 4:3 géérégé. in_color_matrix àti out_color_matrix wà níbẹ̀ torí pé bí fídíò kékeré ṣe ń kọ àwọ̀ sílẹ̀ yàtọ̀ sí bí fídíò ńlá ṣe ń kọ ọ́, tẹ́ ẹ bá fò ó, pupa àti àwọ̀ ewé aṣọ ẹbí máa yí díẹ̀, ẹ ò sì ní mọ ohun tó fà á.

DVD máa ń pín fídíò sí fáìlì púpọ̀. VTS_01_0.VOB jẹ́ ti ìwé àkójọ tó kọ́kọ́ jáde lójú, ẹ fi sílẹ̀, kẹ́ ẹ so èyí tó tẹ̀ lé e pọ̀ báyìí: -i "concat:VTS_01_1.VOB|VTS_01_2.VOB", bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Tó bá jẹ́ VCD, ẹ yọ bwdif àti crop kúrò, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti scale, torí VCD kì í ní ìlà ìjà yẹn, 352x288 ẹ̀ náà sì ti jẹ́ 4:3. Tó bá jẹ́ fídíò Amẹ́ríkà, ẹ kọ crop=704:480:8:0.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́: tí ìran bá ń jó ṣùgbọ́n tó ń lọ síwájú sẹ́yìn, síwájú sẹ́yìn, bíi pé ó ń gbọ̀n, ìdajì tó yẹ kó ṣáájú ló kẹ́yìn. Kámẹ́rà onítéèpù kékeré tí wọ́n ń pè ní DV ló sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ báyìí: bwdif=mode=send_field:parity=bff. Tó bá ṣì ń gbọ̀n, ẹ fi tff rọ́pò bff.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ lọ síbi tí ijó ti gbóná jù, kẹ́ ẹ tẹ lẹ́tà E nínú VLC, á máa sún àwòrán lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò gbọdọ̀ sí ìlà wẹ́ẹ́rẹ́ létí ọwọ́ ẹnikẹ́ni, ọwọ́ gbọ́dọ̀ máa lọ sápá ibì kan náà láì padà sẹ́yìn. Ẹ tún lọ wo ìṣẹ́jú márùn-ún tó kẹ́yìn, kẹ́ ẹ wo ẹnu ẹni tó ń gbàdúrà, ṣé ohùn àti ètè bára mu. Tí kò bá bára mu, ibi tẹ́ ẹ ti so VOB pọ̀ ni kẹ́ ẹ padà sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kẹ́ ẹ tó máa lọ: tó bá jẹ́ pé YouTube nìkan lẹ fẹ́ gbé e sí, ẹ lè dúró síbí. Ẹ gbé igbeyawo_1440.mp4 síbẹ̀ bó ṣe wà. YouTube fúnra wọn sọ pé kéèyàn má fi àlàfo dúdú kún fídíò, torí ohun tó ń gbé fídíò jáde á tún ara ẹ̀ ṣe fún fóònù, á tún ara ẹ̀ ṣe fún tẹlifíṣọ̀n. Ìgbésẹ̀ tó kù wà fún ẹni tó fẹ́ dà á pọ̀ mọ́ fídíò tuntun, tàbí tó fẹ́ fi í hàn lórí sikirini ńlá níbi ayẹyẹ ọgọ́rin ọdún màmá.

3. Ẹ jókòó wo gbogbo ẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ìran sílẹ̀

Ibí gan-an ni iṣẹ́ wà, ibí náà làwọn èèyàn sì máa ń fò. Ẹ wò ó látìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí kámẹ́rà bá ti yí ibi tó ń wò padà, ẹ kọ àkókò ẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ọ̀kan nínú mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀: KÚN, ÀÁRÍN, tàbí BẸ́Ẹ̀.

KÚN ni èyí tó máa kún sikirini, tẹ́ ẹ máa gé ìdá kan nínú mẹ́rin. BẸ́Ẹ̀ ni èyí tẹ́ ẹ máa fi sílẹ̀ pẹ̀lú àlàfo lẹ́gbẹ̀ẹ́. ÀÁRÍN ni 14:9, àdéhùn láàárín méjèèjì, òun làwọn BBC ní Britain lò nígbà tí wọ́n ń ti 4:3 bọ́ sí 16:9, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ gan-an: ẹ máa sún un sí 116.7%, á fẹ̀ tó 1680, àlàfo ẹ̀gbẹ́ á kù 120 péré lápá kọ̀ọ̀kan, ohun tẹ́ ẹ máa gé lókè àti nísàlẹ̀ á jẹ́ 180 péré. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé àlàfo wà níbẹ̀.

Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tẹ́ ẹ máa lò? Ẹ wo ohun tó wà lókè pátápátá àti ohun tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Tó bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ló ṣe pàtàkì, KÚN ni. Tó bá jẹ́ méjèèjì, BẸ́Ẹ̀ ni, tàbí ÀÁRÍN tí àyè bá gbà á.

Ẹ jẹ́ ká mú òde ìgbéyàwó. Ìyàwó jókòó, kámẹ́rà ń wo ojú ẹ̀ dé àyà: KÚN, kẹ́ ẹ mú òkè, torí gèlè ni, inú tábìlì tó wà nísàlẹ̀ ò ṣe nǹkan kan fún wa. Wọ́n ń náwó fún un, wọ́n ń lẹ owó mọ́ iwájú orí ẹ̀: KÚN, òkè náà ni. Onígángan tó sún mọ́ kámẹ́rà: kì í ṣe ojú ẹ̀ nìkan lẹ fẹ́ rí, ẹ fẹ́ rí ìlù abẹ́ apá ẹ̀ àti ọwọ́ tó mú kọ̀ǹgọ́, torí náà ẹ jẹ́ kí gígé òkè pọ̀ díẹ̀, kó sún mọ́ fìlà ẹ̀, kí ọwọ́ ẹ̀ lè hàn. Ìyàwó ń wọlé bọ̀, ó ń jó látorí gèlè dé bàtà, àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó yí i ká: BẸ́Ẹ̀, ẹ má bá a jà, ijó ẹsẹ̀ lẹ máa gé tẹ́ ẹ bá mú gèlè, gèlè lẹ máa gé tẹ́ ẹ bá mú ẹsẹ̀. Àwòrán àjọyà ẹbí, táwọn ọmọdé lóṣòó níwájú táwọn àgbà dúró lẹ́yìn: BẸ́Ẹ̀. Àwọn àlejò nídìí tábìlì tí kámẹ́rà ń rìn kọjá: KÚN, àárín gbùngbùn. Alága ìjókòó tó dìde dúró tó mú máíkì: ÀÁRÍN dáa fún un.

Tó bá jẹ́ fídíò ìsìnkú, ibi tí wọ́n tẹ́ òkú sí nínú ilé, BẸ́Ẹ̀ ni, kẹ́ ẹ má sún un, kẹ́ ẹ má gbé e lọ gbé e bọ̀. Ẹ jẹ́ kó dúró jẹ́ẹ́ bí oníkámẹ́rà ṣe yà á.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sójú fídíò tún wà. Orúkọ ọkọ àti ìyàwó níbẹ̀rẹ̀, déètì ní igun ìsàlẹ̀, orúkọ oníkámẹ́rà àti nọ́ńbà fóònù ẹ̀ tó ń rìn lọ nísàlẹ̀. Lẹ́tà tí gígé pín sí méjì ń ba ojú jẹ́ ju kó má sí lọ. Yálà kẹ́ ẹ fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ gé gbogbo ẹ̀. Ti déètì, ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ fi sílẹ̀, torí nígbà míì òun nìkan ni ẹ̀rí tó kù nípa ọjọ́ náà, tí kò bá sì ṣeé ṣe, ẹ kọ ọ́ mọ́ orúkọ fáìlì.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: tí KÚN bá kún inú ìwé yín tí BẸ́Ẹ̀ ò tó nǹkan, ẹ ti ń kánjú. Ẹ padà wo àwọn ìran tí wọ́n ti dúró.

4. Ẹ ṣètò Shotcut

Ẹ lọ sí Settings, Video Mode, kẹ́ ẹ yan HD 1080p 50 fps. Ti fídíò Amẹ́ríkà, 59.94 lẹ máa yan, ti VCD, 25. Kẹ́ ẹ ṣe èyí kẹ́ ẹ tó gbé fáìlì wọlé, torí tẹ́ ẹ bá fi sórí Automatic, fáìlì àkọ́kọ́ ló máa pinnu, á sì di 1440.

Ẹ gbé igbeyawo_1440.mp4 sórí Timeline, kẹ́ ẹ tẹ̀ lé ìwé yín, ní gbogbo ibi tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀, ẹ gbé àmì síbẹ̀ kẹ́ ẹ tẹ lẹ́tà S, á gé e sí méjì. Fídíò ò ní kúrú, kò ní gùn, ó kàn pín ni.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: dúdú gbọ́dọ̀ wà lọ́tùn-ún àti lósì, kí nǹkan roboto tẹ́ ẹ yàn ní ìgbésẹ̀ kìíní sì ṣì rí roboto. Tí àwòrán bá ti kún sikirini fúnra ẹ̀ láì ṣe nǹkan kan, ẹnì kan ti fà á níbì kan. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ ṣí Properties, kẹ́ ẹ rí i pé Aspect ratio ẹ̀ jẹ́ 4:3.

5. Ẹ fún ìran kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tiẹ̀

Ẹ tẹ ìran kan, ẹ ṣí Filters, kẹ́ ẹ fi Size, Position & Rotate sí i. Size mode gbọ́dọ̀ wà lórí Fit. Distort wà níbẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án, òun ló ń fa ojú èèyàn.

Fún KÚN, ẹ jẹ́ kí Zoom jẹ́ 133.4%. Ẹ wo nọ́ńbà kejì níbi Position, á wà ní nǹkan bíi -180, àárín gbùngbùn nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di 0, òkè lẹ mú, gèlè jáde, ẹsẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di -360, ìsàlẹ̀ lẹ mú. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ máa ṣe wà láàárín nọ́ńbà méjì yìí. Fún ÀÁRÍN, Zoom jẹ́ 116.7%, nọ́ńbà kejì á wà láàárín 0 àti -180, àárín ẹ̀ jẹ́ -90.

Ti kásẹ́ẹ̀tì VHS, ẹ ṣọ́ra fún ìsàlẹ̀. Ìlà mélòó kan máa ń wà nísàlẹ̀ pátápátá tó ń yí, tó ń jó, orí ẹ̀rọ tó ń ka téèpù ló fà á, tẹlifíṣọ̀n ìgbà yẹn máa ń bò ó mọ́lẹ̀ ni. Torí náà ẹ má lọ dé -360 pẹ̀lú VHS, ẹ dúró ní nǹkan bíi -330. Nínú ìran BẸ́Ẹ̀, ẹ sún un sí 103% kẹ́ ẹ gbé e wálẹ̀ díẹ̀ kó bọ́ kúrò lójú.

Fún BẸ́Ẹ̀, ẹ lè fi dúdú sílẹ̀, ẹ sì lè fi fílítà Blur: Pad sí i, á mú àwòrán fúnra ẹ̀, á sọ ọ́ di bàìbàì, á fi kún ẹ̀gbẹ́. Níbi òde aláriwo ó máa ń dáa, torí àwọ̀ aṣọ ẹbí á tàn dé etí sikirini. Ẹ jẹ́ kó bàìbàì dáadáa, tẹ́ ẹ bá ṣì lè dá ojú ẹnikẹ́ni mọ̀ nínú ẹ̀, kò tíì tó. Ti ìsìnkú, dúdú lásán ni mo máa ń yàn, ohun tó ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ò yẹ níbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti ṣe ọ̀kan tó dáa, ẹ lo bọ́tìnì Copy nínú Filters kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwọn ìran tó jọ ọ́, kẹ́ ẹ wá tún nọ́ńbà kejì nìkan ṣe. Àkókò tó pọ̀ lẹ fi pamọ́ yẹn.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́: KÚN, BẸ́Ẹ̀, KÚN, BẸ́Ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá. Ojú á rẹ ẹni tó ń wò ó. Tí ìran kúkúrú bá wà láàárín méjì tó gùn, ẹ jẹ́ kó tẹ̀ lé ti aládùúgbò ẹ̀, kódà tó bá máa jẹ́ ÀÁRÍN.

6. Ìran tó ń lọ sókè sódò: ìdọ̀bálẹ̀

Ọkọ àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ dúró, fìlà wọn wà lókè pátápátá. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, gbogbo wọn bọ́ sísàlẹ̀. Ìwọ̀n kan ṣoṣo ò lè gbé méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ lè jẹ́ kí gígé náà bá wọn lọ.

Ẹ tẹ àmì aago kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Position, pánẹ́ẹ̀lì Keyframes á ṣí, ibẹ̀ lẹ ti máa sọ ibi tí àwòrán máa wà ní àkókò kọ̀ọ̀kan. Níbi tí ẹni àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí tẹrí ba, ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà kejì jẹ́ 0. Níbi tí àyà wọn ti kan ilẹ̀, ẹ sọ ọ́ di -330. Ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún mọ́ùsì tẹ àmì méjèèjì kẹ́ ẹ yan Smooth, kó má ta lójijì. Tí àwọn òbí ìyàwó bá ní kí wọ́n dìde, ẹ ṣe é padà lọ sókè. Tí wọ́n bá ní kí wọ́n tún un ṣe nítorí pé ẹnì kan ò dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ẹ tún un ṣe bẹ́ẹ̀ náà, kò sí ọ̀nà ẹ̀bùrú.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ pọ̀ níbí. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí gbé e sọ̀kalẹ̀ kí àwọn èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí tẹrí ba, ẹni tó ń wò á rí i pé nǹkan kan fẹ́ ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ara wọn ṣáájú, kí gígé tẹ̀ lé e. Òmíràn ni pé tí oníkámẹ́rà fúnra ẹ̀ bá ti gbé kámẹ́rà wálẹ̀, ẹ má fi tiyín kún un, ìrìn méjì á bára wọn jà. Òmíràn tún ni kéèyàn máa gbé gbogbo ìran lọ gbé e bọ̀ torí pé ó ti mọ keyframe. Ìran tó jókòó jẹ́ẹ́, ẹ jẹ́ kó jókòó.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ pe ẹnì kan tí kò mọ̀ pé ẹ ṣe nǹkan kan sí fídíò náà, kó wo ibẹ̀. Tí kò bá sọ̀rọ̀ kámẹ́rà, tó jẹ́ orúkọ àwọn tó dọ̀bálẹ̀ ló ń pè, ó ti jóòótọ́.

7. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rọ tún ojú àwọn èèyàn yín yà

Àwọn sọ́fítíwíà kan wà báyìí tó ní òun á sọ fídíò kékeré di ńlá, òun á mú un mọ́ kedere. Lára ilé àti igi, ó lè dáa. Lára ojú èèyàn tó kéré nínú àwòrán, ńṣe ló ń méfò ohun tí kò rí. Á sọ awọ ara di dídán bí ẹni pé wọ́n fi àbẹ́là pa á, ó sì lè pa pélé tàbí àbàjà tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ìyá àgbà rẹ́ pátápátá torí ó rò pé ìdọ̀tí ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ mú ìran kan tí ojú àgbà tó ní ilà ti hàn dáadáa, kẹ́ ẹ fi èyí tó ṣe wé ti àkọ́kọ́. Tí ilà bá ti yí padà, ẹ fi sílẹ̀. Fídíò tó rí bàìbàì díẹ̀ tó jẹ́ ojú màmá gan-an sàn fún mi.

8. Ẹ gbé e jáde, kẹ́ ẹ wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n gidi

Nínú Export, ẹ yan YouTube, kẹ́ ẹ ṣí Advanced, kẹ́ ẹ rí i pé Resolution jẹ́ 1920 x 1080, Frames/sec jẹ́ 50, tàbí iye tẹ́ ẹ yàn ní ìgbésẹ̀ kẹrin. Ní Codec, Quality tó bá wà láàárín 65% sí 70% ti tó, tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, fáìlì á kàn wúwo ni, kásẹ́ẹ̀tì ò ní ohun tó tó ìyẹn nínú. Ẹ yọ àmì kúrò ní Use hardware encoder, á pẹ́ díẹ̀ ṣùgbọ́n á mọ́ jù.

Kẹ́ ẹ tó gbé odidi wákàtí mẹ́ta jáde, ẹ kọ́kọ́ gbé ìṣẹ́jú méjì jáde, kí ìdọ̀bálẹ̀ àti ijó wà nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ fi sórí fláàṣì, kẹ́ ẹ kì í bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n pálọ̀. Nǹkan roboto yẹn ńkọ́? Ẹ tún fi rúlà wọ̀n ọ́n. Tí kò bá dọ́gba mọ́, ẹ má tíì padà sí Shotcut, ẹ kọ́kọ́ wo rímóòtù, torí ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n ló ń fa àwòrán fúnra ẹ̀ tàbí tó ń gé etí ẹ̀. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Picture Size tàbí Aspect Ratio sí, kẹ́ ẹ sọ ọ́ di Original tàbí 16:9, tó bá jẹ́ LG kẹ́ ẹ tan Just Scan, tó bá jẹ́ Samsung kẹ́ ẹ wá Fit to Screen.

Tí ìṣẹ́jú méjì yẹn bá ti dáa, ẹ gbé gbogbo ẹ̀ jáde. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi í ránṣẹ́ sáwọn ẹbí lórí WhatsApp, ẹ fi í ránṣẹ́ bíi Document, ẹ má fi í ránṣẹ́ bíi fídíò. Kẹ́ ẹ sì tọ́jú fáìlì àkọ́kọ́ tó ti inú DVD tàbí kásẹ́ẹ̀tì jáde sórí díráìfù míì, pẹ̀lú igbeyawo_1440.mp4 àti fáìlì iṣẹ́ Shotcut, torí lọ́jọ́ kan ẹnì kan nínú ẹbí á béèrè pé bàtà tí màmá wọ̀ lọ́jọ́ yẹn dà, ẹ ó sì nílò ibi tẹ́ ẹ ti gé e.